Ilé Iṣẹ́ Ọnà Tretyakov ní Mọ́skò

Ilé Iṣẹ́ Ọnà Tretyakov ní ìlú Mọ́skò jẹ́ ọ̀kan nínú ilé ńlá méjì tí Rọ́síà ń kó iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sí. Ìkejì, tí Ọba Nicholas Kejì dá sílẹ̀ lọ́dún 1895, wà ní St Petersburg. Oníṣòwò ló bẹ̀rẹ̀ ti Mọ́skò. Pavel Tretyakov (1832–1898), tí ìdílé rẹ̀ ń ṣòwò aṣọ ọ̀gbọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwòrán lọ́dún 1856. Ọwọ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ rẹ̀ tó ṣì wà láyé ló ti ń rà á jù, pàápàá àwọn Peredvizhniki, ìyẹn ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1870 láti máa gbé àfihàn iṣẹ́ wọn kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń ya ìgbé ayé mẹ̀kúnnù bó ṣe rí gan-an.

Ó tún ń sanwó kí wọ́n ya àwòrán àwọn òǹkọ̀wé ńláńlá ìgbà ayé rẹ̀. Ó pẹ́ tí Leo Tolstoy fi kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tí ayàwòrán Ivan Kramskoi lọ bá a lábúlé rẹ̀ lọ́dún 1873, tó sì rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà. Ẹ̀wù àgbẹ̀ lásán ló wọ̀ nínú àwòrán náà, ó káwọ́ lé itan, kò sí ìwé tàbí gègé níwájú rẹ̀, kò sì sí ibi tí ẹni tó ń wò ó lè sá sí fún ojú rẹ̀ tó mú hanhan.

Lọ́dún 1892, lẹ́yìn ikú àbúrò rẹ̀ Sergei, Tretyakov fi àkójọ náà, tó lé ní 1,000 àwòrán, ta ìlú Mọ́skò lọ́rẹ, kí tolówó tòtòṣì lè máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba Lenin sọ ọ́ di ti orílẹ̀-èdè lọ́dún 1918, àwòrán mímọ́ àtijọ́ sì ń wọlé sí i láti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Mẹ́talọ́kan tí Andrei Rublev yà sára pákó, níbi tí áńgẹ́lì mẹ́ta ti jókòó yí ife kan ká. Ọdún 1929 ló dé ibẹ̀. Ìjọba sì dá a padà fún ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì lọ́dún 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ìtọ́jú iṣẹ́ ọnà kìlọ̀ pé pákó náà ti gbó ju ohun tí a ń gbé kiri lọ. Ìkìlọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni.

Iṣẹ́ ọ̀rúndún ogún, títí kan onígun mẹ́rin dúdú tí Kazimir Malevich yà lọ́dún 1915, wà nínú ilé mìíràn tó jẹ́ ti Ilé Iṣẹ́ Ọnà Tretyakov, ní òpópónà Krymsky Val.