Ìtẹ́ Adìyẹ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Máa Yé

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, igun ilé ìdáná ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ ìtẹ́ sí fún adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yé: agbọ̀n gbígbó tàbí ìkòkò fífọ́, tí koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì pa rọ́rọ́. Wọn kì í kó gbogbo ẹyin tán. Wọ́n á fi ẹyọ kan sílẹ̀, nítorí ẹyin tí adìyẹ bá rí ló ń fà á padà. Ọgbọ́n ńlá nìyí, torí adìyẹ tí kò bá padà lè lọ máa yé sínú igbó, bẹ́ẹ̀ ẹyin inú igbó, oúnjẹ ejò ni. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dá ibùdó àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, sísin adìyẹ òyìnbó gbilẹ̀. Nínú ọgbà tí wọ́n ti ń sin irú adìyẹ bẹ́ẹ̀, àpótí pákó ló rọ́pò agbọ̀n, ọ̀kan fún bí adìyẹ márùn-ún.