Ilé Ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́: Bí A Ṣe Tọ́ Ọmọ Nínú Ìgbàgbọ́ Láti Kúdẹtì Dé Ilẹ̀ Kétu

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí Kristẹni ní Okpomèta àti ní gbogbo ilẹ̀ Kétu gidigidi. Bí ọmọ bá jí, ilé-ìwé tí a ti ń fi èdè Faransé kọ́ni ni ó ń lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni ó ń padà dé. Ta ni yóò kọ́ ọ ní ìgbàgbọ́? Níbo ni, èdè wo ni a ó sì fi kọ́ ọ? Àwọn kan rò pé kíkọ́ ọmọ nílé jẹ́ àṣà titun tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ni ìgbàgbọ́ Kristẹni ti kọ́kọ́ rí àyè láàrin wa, ilé náà ni ó sì gbà á sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ìjọ kò tó ilé-ìwé mọ́.

Kí ìwé tó dé, àwọn baba wa kò ya ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìsìn. Nídìí ẹwìrì ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń kọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ bí a ti ń bọ Ògún. Ẹsẹ̀ baba rẹ̀ ni ọmọ babaláwo ń jókòó sí. Ìyá ni ó ń ki ọmọ ní oríkì, tí ó ń kọ́ ọ ní ìkíni àti èèwọ̀ ìdílé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníwàásù dé, ìwé kíkà ni ó jẹ́ ohun titun. Kíkọ́ ọmọ ní ìsìn nínú ilé kì í ṣe titun rárá.

Samuel Àjàyí Crowther mọ èyí dájú. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1822 ó gúnlẹ̀ sí Sàró, níbi tí ó ti kọ́ ìwé, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Nígbà tí ó padà dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Afàlà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Ní oṣù Kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samuẹli inú Bíbélì. Níhìn-ín, ọmọ ni ó kọ́ ìyá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1853, Crowther kan náà bẹ Kétu wò. Ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí irúgbìn náà ta gbòǹgbò. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àbọ̀mé. Ó di ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin kí àwọn tí ó kù tó padà wá tún ìlú ṣe.

Ìbàdàn ni a ti rí àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ. Ní ọdún 1853 tí Crowther wá sí Kétu ni David Hinderer, ará Jámánì, àti Anna, aya rẹ̀, dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì fi Kúdẹtì ṣe ibùjókòó. Ilé wọn náà ni ilé-ìwé. Olóyè kan tí ń jẹ́ Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí abẹ́ ìtọ́jú wọn. Nínú ilé kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé kíkà, aṣọ rírán, orin àti àdúrà. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí. Oúnjẹ wọ́n, àwọn Hinderer sì ń ta ẹrù ilé kí wọ́n lè jẹun. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ kò dúró. Daniel Olúbí, tí ó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta, ni ó ń darí ìjọ náà lẹ́yìn tí wọ́n lọ ní 1869.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ilé àlejò ni ilé náà, kì í ṣe ilé òbí. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ fi ọmọ wọn sílẹ̀, ẹ̀rù wọn kò sì ṣàìnídìí: ọmọ tí ó bá dàgbà lábẹ́ òrùlé míṣọ́n lè di àjèjì sí agbo ilé rẹ̀. Tí a bá fẹ́ kí ìgbàgbọ́ jẹ́ ti ìdílé, ó yẹ kí òbí gan-an jẹ́ olùkọ́.

Àpẹẹrẹ èyí wà ní Kúdẹtì kan náà. Ní 1858, Henry Johnson, ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró bọ̀, kó aya àti ọmọ wá síbẹ̀ láti ran Hinderer lọ́wọ́. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Henry kékeré, Nathaniel àti Samuel di àlùfáà, Obadiah sì di dókítà. Samuel ni ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a mọ̀ káàkiri, èyí tí ó parí ní 1897, tí Obadiah sì mú jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ilé nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Samuel lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta láti 1863 dé 1865. Ilé fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ilé-ìwé sì mọ ògiri lé e.

Ní ìhà tiwa, lábẹ́ ìjọba Faransé, ìpìlẹ̀ àti ògiri pínyà. Òfin ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1922, tí ó kan gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé, pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilé-ìwé aládàáni láìgba àṣẹ, àti pé èdè Faransé ni kí a máa fi kọ́ni níbẹ̀. Ibi tí a ti ń kọ́ni ní ìsìn nìkan, ní èdè ìbílẹ̀, ni òfin náà kò kà sí ilé-ìwé. Bíbélì Yorùbá ti pé láti 1884, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un ní kíláàsì. Ọmọ Kétu tí yóò bá kà á, àfi kí ó kọ́ ọ nílé, tàbí ní àgbàlá ẹni tí ń kọ́ni ní katikísìmù.

Ìgbà kejì dé lẹ́yìn òmìnira. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1974, Ààrẹ Mathieu Kérékou kéde ní Àbọ̀mé pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tọ̀. Ìjọba gba àwọn ilé-ìwé ìjọ. Lẹ́ẹ̀kan sí i, òbí tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ àdúrà ní láti gbà á lọ́rùn ara rẹ̀. Ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì ọdún 1990, tí Mọ́ńsínyọ̀ Isidore de Souza darí, ni ó ṣí ilẹ̀kùn mìíràn.

Òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí òbí ní Okpomèta fa ọmọ yọ kúrò ní ilé-ìwé ni ìtàn yìí ń wí. Ohun tí ó ń wí ni pé kò sí ilé-ìwé, ti ìjọba tàbí ti ìjọ, tí a lè gbé gbogbo ẹrù náà lé lórí. Ẹni tí ó ni ín lónìí lè má ni ín lọ́la. Ilé kò bọ́ lọ́wọ́ òbí rí. Ẹsẹ Bíbélì kan tí a jọ kà ní èdè Yorùbá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àlàyé tí ìyá ṣe, ìbéèrè tí ọmọ bi baba: ìwọ̀nyí ni òfin 1922 kò lè dá dúró, òun náà ni ọdún 1974 kò lè gbà. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n parẹ́ lónìí tí kò sí ẹni tí ń dí wa lọ́wọ́, a kò ní rí ìjọba kankan dá lẹ́bi.