Owó-orí Lábẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ṣáájú 1914, owó ibodè orí ọjà òkèèrè, àgàgà ọtí, ni ìjọba Gúúsù Nàìjíríà gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ká sọ òótọ́, ọ̀mùtí ló ń bọ́ ìjọba. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dí ọ̀nà ọtí Jámánì, àpò ìjọba fúyẹ́. Lugard, Gómìnà Àgbà Nàìjíríà, wá mú owó-orí, tó ti wà lókè Ọya, wọ Ọ̀yọ́ ní 1916, ó sì mú un wọ Ẹ̀gbá ní 1918. Ẹ̀gbá kọ̀ jálẹ̀: wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà. Ogun Àdùbí nìyẹn. Ọmọ ogun ni ìjọba fi paná rẹ̀. Owó-orí obìnrin tún dá wàhálà sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú àwọn obìnrin tó fi ẹ̀hónú hàn. Wàhálà yìí ló mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fi oyè sílẹ̀ ní 1949.