Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ẹni Tí A Bi Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Bí a ti sábà ń lò ó, ẹni tó béèrè nìkan ni òwe yìí ń yìn: kò tijú, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló wà nínú òwe náà. Ẹnì kan dúró lójú ọ̀nà, òun ló dáhùn. Ó mọ ọ̀nà náà débi pé ó lè júwe rẹ̀ fún àlejò; kò gbé àlejò kọ́rùn, kò sì bá a rìn ín. Ẹni tí wọ́n bi yìí ni mo fẹ́ kí a fojú sí, torí mo gbà pé òun ló ń jèrè jù nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bá jọ jókòó ti ìṣirò ní Agége àti Ìkẹjà, ní Èkó.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń dàgbà. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà. Láti òpópónà Ọba Akran dé Agídíngbí, òṣìṣẹ́ ń wọlé bí òmíràn ṣe ń jáde. Òbí tó ṣiṣẹ́ òru ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé. Èyí tó lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán kò ní í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè dá gbogbo kíláàsì tó kún lóhùn kí agogo tó lù. Lẹ́sìn ń gba owó. Ta ló wá kù tí ọmọ lè bi? Ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í ni.

Ká ní àwọn méjèèjì ṣí ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá WAEC, wọ́n sì fẹ́ sọ 97 di púpọ̀ lọ́nà 103 láìlo ẹ̀rọ. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í to nọ́ńbà léra, á sì rí i ṣe, ṣùgbọ́n á pẹ́. Èkejì á ní, “Má tíì to nǹkan kan. Ka 97 ní Yorùbá ná.” Ẹ̀tàdínlọ́gọ́rùn-ún. “103 ńkọ́?” Ẹ̀tàlélọ́gọ́rùn-ún. Ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó láàárọ̀, (a − b)(a + b) = a² − b², ti wà lẹ́nu wọn tipẹ́: ọgọ́rùn-ún tí a yọ ẹ̀ta nínú rẹ̀, àti ọgọ́rùn-ún tí a fi ẹ̀ta lé. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún jẹ́ 10,000. Ẹ̀ta lọ́nà ẹ̀ta jẹ́ 9. Yọ ọ́ kúrò, ó di 9,991. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló ń ṣe báyìí o. Ẹni tó bá gbìyànjú 94 á rí i pé àádọ́rùn-ún ni Yorùbá gbé e lé, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ rí ìyẹn ti di oníṣirò.

Èdè tí wọ́n fi ń ṣàlàyé fúnra wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ta akẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà yọ, nínú ìṣirò àti nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Agége kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, ọmọ Háúsá àti ọmọ Ìgbò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà nígbà mìíràn píjìn ni wọ́n ń fi yanjú ọ̀rọ̀. Kò burú, bó bá sáà ti yé wọn.

Jíjọ kàwé báyìí ti so èso níbòmíràn. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1980, onímọ̀ ìṣirò kan, Uri Treisman, fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú fi ń kùnà nínú ìṣirò. Kò bá ọ̀lẹ níbẹ̀. Ohun tó rí ni pé oníkálukú wọn ń dá kàwé, nígbà tí àwọn ọmọ Ṣáínà ń kó ara wọn jọ lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ó kó àwọn ọmọ jọ, ó fún wọn ní ìbéèrè tó le, ó ní kí wọ́n jọ ṣe é. Ìyípadà tó bá èsì wọn pọ̀.

Kí ni ẹni tó ń ṣàlàyé ń rí gbà? Ẹ mú x + 5 = 12. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti kọ́ pé bí 5 bá ti sọdá, àmì rẹ̀ á yí padà, x á sì di 7. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gba máàkì, kò sì yé e. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bi í pé, “Kí ló dé tí àmì fi yí padà?” ni ẹnu rẹ̀ á wọhò. Bó bá ronú dáadáa, á rí i pé 5 kò sọdá síbì kankan: ṣe ni a yọ 5 ní apá ọ̀tún, tí a sì yọ ọ́ ní apá òsì, kí ìhà méjèèjì lè dọ́gba síbẹ̀. Ìbéèrè ọ̀rẹ́ ló kọ́ ọ.

Níbí ni ìrànlọ́wọ́ ti yà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ́sípò, ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n ń tà. Ní 2014, ìdá 31.28 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe WAEC ti oṣù karùn-ún ní Nàìjíríà ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù irú èsì bẹ́ẹ̀ ló ń lé ọmọ lọ ra ìdáhùn, ó sì ń dùn mí pé àwọn òbí kan ló ń san owó rẹ̀. Ẹni tó ra ìdáhùn kò béèrè ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbé òun dé ibẹ̀ ni. Nínú ìwé kejì ìṣirò WAEC, bí ọmọ ṣe ṣe é ní máàkì tirẹ̀, yàtọ̀ sí ìdáhùn. Ní 2025 pàápàá, ìbéèrè ìṣirò kò tò bákan náà fún gbogbo ọmọ mọ́, ẹni tó bá yọjú wo ìwé aládùúgbò rẹ̀ lè kọ ìdáhùn ìbéèrè mìíràn.

Òótọ́ ni pé ẹni tí kò mọ ọ̀nà náà lè júwe rẹ̀, kí gbogbo wọn sì jọ sọnù. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní agbègbè yìí pé bí agogo ìparí bá ti lù, kí wọ́n má ti gbogbo kíláàsì. Kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ pẹ̀lú pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, kí olùkọ́ ìṣirò kan máa yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti wo ohun tí wọ́n kọ. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ tó, torí ìrun Jímọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Kí ó sì tètè bẹ̀rẹ̀, kí ó má kọjá aago mẹ́rin, torí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló gbọ́dọ̀ dé ìsọ̀ ìyá wọn kí ọjà ìrọ̀lẹ́ tó kún.