Kíka Iye àti Kíka Ìwé: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọn Ìdíjú Kóòdù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ kóòdù rí, èyí tí í ṣe àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé. Èyí tí ó yé ẹni tí ó kọ ọ́ lónìí lè di àdììtú fún òun fúnra rẹ̀ ní ọdún méjì sí i. Ní Port Harcourt tí a wà yìí, bí a ti ń kọ́ni láti di olùkọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kọ́ni láti di olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú gbogbo wa: báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé àkọsílẹ̀ kan ṣòro kà, kí a tó dáwọ́ lé àtúntò rẹ̀?

Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ péjọ sí ìlú Garmisch ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì kédàárò pé iṣẹ́ kóòdù ti ń ju agbára àwọn tí ń ṣe é lọ. Ní ọdún 1976, Thomas McCabe, ará Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kan jáde: kí a ka gbogbo oríta tí kọ̀ǹpútà ti ní láti yan ọ̀nà, kí a sì fi 1 kún un. Ó dámọ̀ràn pé kí iye náà má ju 10 lọ. Ní ọdún 1977, Maurice Halstead ti Yunifásítì Purdue ní tirẹ̀ ka àwọn àmì àti orúkọ inú kóòdù.

Ẹ jẹ́ kí a fi máàkì ìdánwò wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá tó 70, A ni, bí ó bá tó 60, B ni, 50, C, 45, D, 40, E, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, F ni. Oríta márùn-ún ni, iye rẹ̀ sì jẹ́ 6. Síbẹ̀ ọmọdé lè kà á. Ṣùgbọ́n oríta mẹ́ta péré tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tí a sọ àwọn ohun inú rẹ̀ ní x, y àti z, iye 4 ni yóò ní, yóò sì dàrú mọ́ àgbà lójú.

Ìdí nìyí tí Raymond Buse àti Westley Weimer ti Yunifásítì Virginia fi tọ àwọn òǹkàwé lọ ní ọdún 2008. Ènìyàn 120 ni ó fi máàkì sí ègé kóòdù 100 gẹ́gẹ́ bí ó ti rọrùn kà sí. Ṣáájú èyí, ìwé Martin Fowler ti ọdún 1999 ti tan òfin àtúntò kálẹ̀: ìrísí kóòdù ni kí a yí padà, kí iṣẹ́ tí ó ń ṣe má yí padà.

Òfin yìí kò ṣàjèjì sí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Nínú àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974, ‘ẹiyẹ’ di ‘ẹyẹ’, lẹ́tà kan sì dín. ‘Enia’ di ‘ènìyàn’, lẹ́tà méjì sì lé. Ìtumọ̀ kò yí padà. Bí ó bá jẹ́ iye lẹ́tà nìkan ni a tẹ̀ lé, à bá ti fi ‘enia’ sílẹ̀.

Nínú èdè wa, ‘kà’ ni a ń lò fún owó, òun náà ni a ń lò fún ìwé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a ka iye kí a lè mọ ibi tí a ó wò. Ṣùgbọ́n kí a tó tún ohunkóhun tò, kí a fún ẹlòmíràn kà.