Ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní ọdún 1835, ìjọba Brasil lé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti gba òmìnira padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn fúnra wọn tẹ̀ lé wọn. Irú wọn tó tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni a ń pè ní Àgùdà.

Wọn kò bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Bíríkìlà àti káfíńtà wà láàárín wọn. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, wọ́n rẹ́ ògiri amọ̀ rẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà aláràbarà. Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà pàápàá jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Títí di òní, ní àjọ̀dún Bonfim nínú oṣù kìn-ín-ní, àwọn ọmọ wọn ń jó Burinyan, wọ́n sì ń jẹ feijoada, ẹ̀wà tí a fi ẹran sè.

Ṣùgbọ́n òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́. Bí òrùlé bá ń jò, tí àwọn ajogún kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí àtúnṣe, ògiri amọ̀ yóò wó. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ilé bá wó tán, kí ni ọmọ Àgùdà yóò wò?