Bí Wọ́n Ṣe Ń Rán Aṣọ Iwin fún Eré Orí Ìtàgé, tí Òṣèré Yóò Fi Lè Tètè Bọ́ Ọ

Iwin tó bá fara hàn lórí ìtàgé kì í pẹ́ kó tó wọlé padà. Bí ó bá ti dẹ́rù ba àwọn òǹwòran tán, tí akọni eré sì ti borí rẹ̀, òṣèré tó wà nínú aṣọ náà lè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré láti di ọba, ọdẹ tàbí ìránṣẹ́ ààfin nínú ìran tó tẹ̀ lé e. Èyí ló mú kí aṣọ iwin yàtọ̀ sí gbogbo aṣọ mìíràn tí wọ́n ń lò nínú eré. Ẹwà rẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹ̀rù tó ń dá bani náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òṣèré yóò gbà jáde nínú rẹ̀ ló ṣáájú. Ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ló wà nínú iwin. Ooru ń mú un, ó ń mí, ó sì gbọ́dọ̀ ríran. Aránṣọ tí kò bá ro èyí kó tó gé aṣọ, ewu ló ń rán. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Iṣẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá

Kì í ṣe ohun àjèjì láàárín Yorùbá pé kí ènìyàn wọ aṣọ, kó di ẹranko tàbí ẹ̀dá abàmì, kó sì tún bọ́ ọ níṣojú gbogbo ènìyàn. Àwọn eégún aláré, tí wọ́n tún ń pè ní apidán tàbí alárìnjó, ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù kejì ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀ ní ààfin Aláàfin. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1829, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé àwọn oníjó wọ àpò bo gbogbo ara wọn. Láti inú àpò ni ejò ńlá kan ti yọrí, tó ń wọ́ nílẹ̀, tó ń gbé orí kiri. Bẹ́ẹ̀, aṣọ tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Lẹ́yìn èyí, àpò mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dá funfun kan tó rù hangogo sì jáde, tó ń rìn bí òyìnbó tí kò mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀. Inú àwọn òǹwòran dùn, ẹ̀rín sì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò tíì dìdàkudà títí di òní. Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ni apidán ń lò, èyí tó lè yí inú rẹ̀ síta kó di ohun mìíràn. Ìlù ń dún kíkan nígbà tí ìyípadà bá ń lọ lọ́wọ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí. Idán náà kò sí nínú aṣọ nìkan, ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí àwọn ìwé ìtàn gbé lé aránṣọ lọ́wọ́

Nígbà tí eré orí ìtàgé òde òní dé, ìwé ìtàn àròsọ tún dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Ní 1938 ni ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde, níbi tí Àkàrà-Ògún ti bá Àgbákò, abàmì ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún, wọ̀yá ìjà. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìtàn Fágúnwà di eré tó pe àkọlé rẹ̀ ní Langbodo, òun sì ni Nàìjíríà gbé síta níbi àjọ̀dún FESTAC ní Èkó ní 1977. Bákan náà, Amos Tutùọlá gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré Yorùbá tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, Demas Nwoko ló sì ṣètò ìtàgé àti aṣọ rẹ̀.

Àwọn ìwé méjèèjì yìí fi oríṣi aṣọ iwin méjì hàn. Ti Àgbákò jẹ́ odidi ẹ̀dá kan ṣoṣo: yóò jáde, yóò jà, yóò wọlé, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni òṣèré yóò sì ti bọ́ ọ. Ti Tutùọlá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn rẹ̀, arẹwà ọkùnrin kan yá ẹ̀yà ara lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bó ṣe ń padà sílé ló ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku agbárí nìkan. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tú níṣojú òǹwòran.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe orí

Bí ẹgbẹ́ òṣèré kan bá fẹ́ ṣe Àgbákò, orí ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló nira jù. Wọn yóò fi amọ̀ mọ orí tó tóbi ju ti òṣèré lọ ní gbogbo ọ̀nà, wọn yóò fi ọ̀rá bò ó, wọn yóò sì máa fi táàṣì lẹ àjákù ìwé ìròyìn mọ́ ọn. Ìpele márùn-ún tàbí mẹ́fà tó, ṣùgbọ́n ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Tó bá ti gbẹ pátápátá, wọn yóò yọ amọ̀ inú rẹ̀ kúrò, orí náà yóò sì fúyẹ́ bí igbá.

Wọn kò gbọdọ̀ gbé e lé òṣèré lórí bẹ́ẹ̀ lásán. Àṣíborí irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń dé ni kí wọ́n so mọ́ inú rẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ lè pín yí àtàrí ká, kó má sì máa yí nígbà ìjà. Okùn àgbọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ kan lè já.

Ìdérí ìgò tí wọ́n kùn lọ́dà tó láti fi ṣe ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí òṣèré yóò fi ríran nínú wọn. Ẹnu iwin ni yóò ti máa wòde. Wọn yóò la ẹnu náà gbàgàdà, wọn yóò sì fi nẹ́ẹ̀tì dúdú bò ó. Nítorí pé iná ìtàgé ń tàn sí i láti iwájú, tí inú orí sì ṣókùnkùn, òǹwòran kò ní rí nǹkan kan ju ẹnu dúdú lọ, bẹ́ẹ̀ òṣèré ń rí gbogbo wọn. Ihò mìíràn gbọ́dọ̀ wà ní àtàrí tàbí ní ẹ̀yìn orí, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò máa gbà jáde.

Ara, ọwọ́ àti ẹsẹ̀

Fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣan àti èjìká, pankẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sì lè gbé ẹ̀yìn sókè láìwúwo. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ fóòmù ní òórùn tó lè pani lára, nítorí náà ìta gbangba ni kí wọ́n ti lò ó. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rán ìko mọ́, kí wọ́n tó wá rán an mọ́ ara aṣọ, kí wọ́n lè máa pààrọ̀ èyí tó bá já.

Ẹ̀yìn ni ẹnu ọ̀nà aṣọ náà. Láti ọrùn dé ìdí ni kó ti là, kí etí kan bo èkejì, kí irun ẹ̀yìn iwin sì bo ojúràn náà. Tí olùrànlọ́wọ́ bá di etí méjèèjì mú tó fà á, òṣèré kàn máa rìn síwájú kúrò nínú rẹ̀ ni, bí kòkòrò ṣe ń jáde nínú èèpo rẹ̀. Kí wọ́n rán ìbọ̀wọ́ mọ́ apá aṣọ, kí ó lè bọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ẹsẹ̀, bàtà gidi tó mọ́ ẹsẹ̀ ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n wá fi ìko bo orí rẹ̀. Òṣèré tó bá ń ta gẹ́gẹ́ kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ohun tí wọ́n fi ń dè é

Síìpù lè há, okùn sì lè ta kókó. Velcro ló wọ́pọ̀ jù, ìyẹn tépù tí ojú rẹ̀ kan ní ìwọ̀ tíntìntín, tí èkejì sì ní irun. George de Mestral, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ṣe é, lẹ́yìn tó ṣàkíyèsí bí èso koríko tó dà bí èèmọ́ ṣe lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ àti irun ajá rẹ̀ ní 1941. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń dún fàààà bí wọ́n bá ń ṣí i. Ibi tí ìlù bá ti ń dún ló yẹ ẹ́. Bí ìtàgé bá dákẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké tàbí bọ́tìnnì onírin tí a ń tẹ̀ mọ́ra ló dára jù.

Fún aṣọ bíi ti arẹwà ọkùnrin Tutùọlá, òfin kan ló wà: ohun tí wọ́n wọ̀ kẹ́yìn ni wọn yóò kọ́kọ́ bọ́. Aṣọ dúdú tó fún mọ́ ara ni yóò wà nísàlẹ̀, agbárí yóò wà lábẹ́ ìbòjú arẹwà náà, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ìdè tirẹ̀ tí kò kan òmíràn.

Ẹ̀mí ẹni tó wà nínú rẹ̀

Fóòmù kì í jẹ́ kí ooru ara jáde. Òṣèré tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí òòyì, orí lè máa fọ́ ọ, èébì lè máa gbé e, ó sì lè dákú. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wọ̀ sínú, kó mu omi kó tó wọlé àti nígbà tó bá jáde, kí ìran iwin má sì gùn jù. Fóòmù àti ìko máa ń tètè gbiná, èéfín fóòmù sì ní májèlé nínú. Fún ìdí yìí, àtùpà, àbẹ́là àti ògùṣọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ iwin rárá, ohun èlò apaná sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé.

Iwin gbọ́dọ̀ ní atọ́kùn, gẹ́gẹ́ bí eégún ṣe ní. Ẹni yìí ni yóò fà á lọ́wọ́ gba inú òkùnkùn, òun ni yóò ṣí ẹ̀yìn aṣọ, òun náà ni yóò sì mọ àmì tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, irú bíi kí iwin lu àyà lẹ́ẹ̀mẹta, tó túmọ̀ sí pé ara kò dá. Ó ti yẹ kí wọ́n dánra wò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òṣèré yóò fi jáde pátápátá kí wọ́n tó ka ení, èjì dé ẹ̀wá, nínú ìmọ́lẹ̀ àti nínú òkùnkùn. Bí kò bá ṣeé ṣe, aṣọ náà ni kí wọ́n tún rán, kí wọ́n má ṣe bá òṣèré wí.

Ààlà tó wà láàárín iwin àti eégún

Ẹ̀kú ìdílé kì í ṣe aṣọ eré. Àwọn tó ni ín ní èèwọ̀ àti ìlànà wọn lórí rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ òṣèré ya irú rẹ̀ kí wọ́n wá máa bọ́ ọ níṣojú ọjà. Iwin inú ìwé gbọ́dọ̀ jọ iwin inú ìwé. Tí eré bá parí, kí wọ́n yí inú aṣọ síta, kí wọ́n sá a sí atẹ́gùn kí òógùn gbẹ, kí wọ́n sì tún ibi tó ya rán kó tó di ọjọ́ mìíràn.

Bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀. Orí yóò yá aránṣọ náà nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń sá sẹ́yìn ìyá wọn nítorí Àgbákò, ṣùgbọ́n ìgbà tí òṣèré bá jáde wá láti kí àwọn òǹwòran, tí ara rẹ̀ le koko, tí ó ń rẹ́rìn-ín, ni iṣẹ́ aránṣọ tó pé.